Natural units: ká fi ìwọ̀n ayé fúnra ẹ̀ wọn ara wa

Ẹni tó bá ti ka físíìsì díẹ̀ á ti bá c = 1 pàdé níbì kan. Eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá ni c yẹn, mítà 299,792,458 ló sì ń sá ní sẹ́kọ́ńdù kan ṣoṣo, báwo wá ni nọ́ńbà gàgàrà báyẹn ṣe di 1? Nọ́ńbà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kan ìmọ́lẹ̀ ni, àwa gan-an ló kàn. Bí ilẹ̀ ayé ṣe tóbi tó làwọn ará Faransé wò kí wọ́n tó yọ mítà jáde láàárín ọdún 1790 sí 1799, ọjọ́ kan tí wọ́n pín sí ọ̀nà 86,400 ló sì di sẹ́kọ́ńdù. Ká ní ayé wa tóbi ju báyìí lọ ni, nọ́ńbà yẹn ò ní rí bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò sì ní torí ẹ̀ yí eré ẹ̀ padà.

Natural units, ìyẹn ìwọ̀n àdánidá, gbé mítà àti sẹ́kọ́ńdù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ń fi ohun tó wà nínú ayé látìbẹ̀rẹ̀ wọn nǹkan: c fún eré, G fún òòfà (gravity, agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀), ħ fún àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín bí átọ́ọ̀mù, àti k ti onímọ̀ físíìsì tó ń jẹ́ Boltzmann, tó so ìgbóná mọ́ agbára. Kò pọn dandan kí èèyàn sọ gbogbo wọn di 1 lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó bá ń ṣe ló máa pinnu.

Ẹ jẹ́ ká mú c nìkan ná. Tí c bá ti di 1, gígùn àti àkókò ti di ohun kan náà nìyẹn, torí náà ẹni tó ga ní mítà 1.7 ga ní náńósẹ́kọ́ńdù 5.7 (náńósẹ́kọ́ńdù kan jẹ́ ìdá 1 nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdù), òṣùpá jìnnà sí wa ní sẹ́kọ́ńdù 1.28, oòrùn jìnnà ní sẹ́kọ́ńdù 499. Eré wá di nọ́ńbà lásán tí kò ní mítà kankan lẹ́yìn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń sáré ìdá 5 nínú bílíọ̀nù, mọ́tò tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń sáré ìdá 93 nínú bílíọ̀nù, bàálù tó ń fò ní 900 gan-an ò tíì tó ìdá 1 nínú mílíọ̀nù. Ibí yìí lẹ ti máa rí ìdí tí ohun tí Einstein sọ nípa àkókò ò fi hàn sí wa lójoojúmọ́, torí pé ìdajì eré yẹn ní ìlọ́po ara ẹ̀ ni aago á fi rẹ̀yìn, tí bàálù yẹn bá sì fò fún wákàtí 10 gbáko, eré ẹ̀ nìkan (mo yọ ti òòfà kúrò o) á fi náńósẹ́kọ́ńdù bíi 12 péré fa aago inú ẹ̀ sẹ́yìn. Ta ló fẹ́ mọ̀?

Èyí tó wù mí jù ni ti òòfà ilẹ̀. Nǹkan tó ń já bọ́, sẹ́kọ́ńdù kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, eré ẹ̀ á fi mítà 9.8 ní sẹ́kọ́ńdù kan lé sí i. Ẹ fi 299,792,458 pín 9.8 yẹn, ẹ máa rí nǹkan bí ìdá 33 nínú bílíọ̀nù fún sẹ́kọ́ńdù kan, ẹ wá fi iye sẹ́kọ́ńdù tó wà nínú ọdún kan sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 31 àti ààbọ̀, ó di 1.03 fún ọdún kan. Àbí ẹ ò rí i! Nọ́ńbà tó sún mọ́ 1 báyẹn yọ jáde látinú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ọdún tí a ń kà, kò sì sí òfin kankan tó ní kó rí bẹ́ẹ̀, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí ọkọ̀ òfuurufú kan bá lè máa fi eré kún eré bí òòfà wa ṣe ń ṣe, ìṣirò Newton ní kò ní tó ọdún kan tó fi máa bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Einstein ò gbà bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ ni pé tí aago inú ọkọ̀ náà bá ka ọdún kan pé, eré ìmọ́lẹ̀ ìdá 77 nínú 100 ló máa wà.

Tí a bá wá fi G kún un, ìwọ̀n kílò náà á di gígùn. Oòrùn á jẹ́ kìlómítà 1.48, gbogbo ilẹ̀ ayé pátá á jẹ́ mílímítà 4.4, ẹni tó wọn kílò 70 ò tiẹ̀ ṣeé fẹnu sọ, tí a bá fi mítà kà á, òdo 25 ló máa wà lẹ́yìn pọ́ìntì kí 5 tó yọjú. Ẹ wá fi mílímítà 4.4 yẹn wé ilẹ̀ ayé tí àárín ẹ̀ sí etí ẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6,371, ẹ máa rí i pé òòfà ò lágbára tó bí a ṣe rò.

Max Planck, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ló kọ́kọ́ kó irú àwọn mẹ́rin yìí pọ̀ lọ́dún 1899, ìṣirò ẹ̀ ló fún wa ní Planck length (ìwọ̀n gígùn) àtàwọn tó kù. Níbẹ̀, ẹni tó ga ní mítà 1.7 á di 1 tí òdo 35 tẹ̀ lé, ìgbóná ara èèyàn á sì kéré débi pé òdo 29 ló máa wà lẹ́yìn pọ́ìntì. Ti ìwọ̀n kílò nìkan ló bá wa mu díẹ̀, torí Planck mass kan ò ju ẹyọ iyanrìn tó fẹ̀ ní ìdá mẹ́rin mílímítà lọ, èèyàn kílò 70 á jẹ́ bílíọ̀nù 3.2 irú ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí próótọ́ọ̀nù (ọ̀kan lára ohun tó wà láàárín átọ́ọ̀mù) àti irú ẹ̀ kì í sábà fi G sí i, eV (electronvolt, ìwọ̀n agbára tó kéré gan-an) ni wọ́n fi ń ka gbogbo nǹkan. Ìgbóná ara wa jẹ́ eV 0.027, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí sì ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí eV 1.7, ìyẹn ni ara wa ṣe ń gbóná tí kì í tàn nínú òkùnkùn.

Àti padà sí mítà ló máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú, kò sì le. Ẹ bi ara yín pé kí lẹ ń wá, gígùn ni àbí àkókò, ọ̀nà kan ṣoṣo ni c àti ħ lè gbà so pọ̀ mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ yín kó tó di gígùn. Ẹ sáà há a sórí pé ħ lọ́nà c jẹ́ MeV 197 lọ́nà fẹ́mítò-mítà (MeV kan jẹ́ mílíọ̀nù kan eV, fẹ́mítò-mítà kan sì jẹ́ ìdá 1 nínú mílíọ̀nù náńómítà). Próótọ́ọ̀nù jẹ́ MeV 938, tí ẹnì kan bá wá kọ gígùn kan sílẹ̀ pé 1 lórí ìwọ̀n próótọ́ọ̀nù, ẹ fi 938 pín 197, fẹ́mítò-mítà 0.21 ló ń sọ.