Áàsù ẹ̀yìn AMC 20 ti Jeep CJ àti bí wọ́n ṣe ń fún un lágbára

AMC 20 ni áàsù ẹ̀yìn (irin tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tó sì ń yí wọn) tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ Jeep CJ tí American Motors ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1976 sí 1986, ìyẹn CJ-5, CJ-7 àti CJ-8. Ó lórúkọ burúkú lẹ́nu àwọn tó ń wa jíìpù nínú igbó àti lórí àpáta, bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ kọ́ ló ń ṣàìsàn. Gíà ńlá inú rẹ̀ fẹ̀ tó 8.875 ínṣì, ó sì fi díẹ̀ ju ti Dana 44, áàsù mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá kiri láti fi rọ́pò rẹ̀. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó kò ju méjì lọ: ṣáàfù alápá méjì, àti páìpù tí ṣáàfù náà gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá tún méjèèjì ṣe kò nídìí láti pààrọ̀ odindi áàsù.

Ìdí tí họ́ọ̀bù fi ń yí lórí ṣáàfù

Orí ṣáàfù tó yọ síta rí ṣóńṣó. Họ́ọ̀bù tí wọ́n ń de táyà mọ́ jẹ́ irin ọ̀tọ̀ tí wọ́n tì sórí ṣóńṣó náà. Eyín wẹ́wẹ́ wà lára ṣóńṣó yìí, ṣùgbọ́n inú họ́ọ̀bù tuntun ń dán ni. Bí nọ́ọ̀tì bá ṣe ń tì í wọlé ni eyín ṣáàfù ń gé ipa tirẹ̀ sínú rẹ̀. Nítorí náà, họ́ọ̀bù tí wọ́n yọ lára ṣáàfù kan kò ṣeé gbé sórí òmíràn, torí eyín wọn kò ní bára mu.

Nọ́ọ̀tì ló di gbogbo rẹ̀ mú, ó sì gbọ́dọ̀ le tó 250 lb-ft, nǹkan bí 340 N·m, ó kéré tán. Bí ihò kọ́tàpíìnì (píìnì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) kò bá ṣe wẹ́kú, ńṣe ni kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì sí i, kí wọ́n má dẹ̀ ẹ́ padà. Tí ìdè yìí bá dẹ̀, gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ iná tó sì tún fẹsẹ̀ sílẹ̀ ni họ́ọ̀bù ń sún bí fọ́nrán irun. Ìyẹ̀fun pupa bí ìpẹtà á máa yọ nídìí nọ́ọ̀tì. Bó bá pẹ́, eyín á jẹ tán, irin kékeré tó há sáàárín ṣáàfù àti họ́ọ̀bù á gé, ṣáàfù á máa yí lásán, táyà ò sì ní yí. Nígbà mìíràn, táyà àti họ́ọ̀bù a jọ já kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ lórí ìrìn. Táyà 33 ínṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tètè fa èyí. Ọ̀nà àyẹ̀wò rọrùn: kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí ṣáàfù dé ara họ́ọ̀bù. Bí ìlà náà bá pín sí méjì lẹ́yìn ìrìn, họ́ọ̀bù ti ń yí nìyẹn.

Ṣáàfù alodidi

Ojútùú rẹ̀ ni ṣáàfù tí òun àti ojú tí wọ́n ń de táyà mọ́ jẹ́ irin kan ṣoṣo. Eyín 29 ló máa ń ní lápá inú, bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó ra á, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ irú áàsù tó wà nílẹ̀. Áàsù CJ-7 àti CJ-8 láti 1982 fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, àárín áàsù àwọn CJ-7 tó ní Quadra-Trac (ètò tó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà gígùn ṣáàfù wọn yàtọ̀.

Púlà tí wọ́n ń fi bóòtì yí ni wọ́n fi ń fa họ́ọ̀bù àtijọ́ jáde. Kí wọ́n má lo irú èyí tí wọ́n ń fi òòlù gbá, torí ìgbájú yẹn ń ba bẹ́rìn àti inú gíà jẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tú páìpù ọ́ìlì bíréèkì àti àwo ẹ̀yìn bíréèkì, ṣáàfù á sì jáde.

Lórí ṣáàfù tuntun, àwo tó ń di bẹ́rìn mú àti sílì ìta ló ń kọ́kọ́ wọlé, kí bẹ́rìn tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, àfi kó gé bẹ́rìn tuntun náà dànù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń ti bẹ́rìn dé ìdí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á tó ti òrùka tó ń dè é wọlé lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá tì wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́rìn lè bàjẹ́.

Bí ohun èlò tí wọ́n rà bá ṣì ń lo bẹ́rìn oníṣóńṣó bíi ti ilé iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn bí ṣáàfù ṣe ń wọlé tó ń jáde: 0.004 sí 0.008 ínṣì ló yẹ. Sìmù (irin pẹlẹbẹ tín-ínrín tí wọ́n ń fi dí àlàfo) ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni wọ́n ń fi ṣe é, torí irin kan wà láàárín gíà tó ń tari ìwọ̀n náà dé apá kejì. Bẹ́rìn tí wọ́n ti dì pa kò nílò sìmù tàbí irin yìí. Òun ló dára fún ẹni tó fẹ́ fi lọ́ọ̀kà (ohun tó ń jẹ́ kí táyà méjèèjì jọ yí pọ̀) sí i, torí àwọn lọ́ọ̀kà kan ò ní àyè tí irin àárín náà á jókòó sí.

Páìpù tó ń yí

Páìpù áàsù méjèèjì kàn há sínú irin àárín ni, pẹ̀lú ìjó irin (wẹ́dà) díẹ̀díẹ̀ nínú ihò. Tí agbára ẹ́ńjìnnì bá pọ̀ tàbí tí táyà bá tóbi, páìpù lè yí, imú áàsù á sì gbójú sókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jó o yíká. Irin àárín jẹ́ irin dídà, kò sì rí bíi páìpù: kí wọ́n fọ gírísì àti ọ́ìlì kúrò, kí wọ́n yọ sílì, kí wọ́n yá irin náà gbóná, kí wọ́n sì fi ọ̀pá níkẹ́ẹ̀lì jó o. Ìjó kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju ínṣì kan lọ, kí wọ́n sì máa bọ́ sí òdìkejì, kí páìpù má baà tẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Omi á là á.

Lítà 2.27 ni ọ́ìlì gíà tó ń gbà, irú SAE 80W-90 GL-5. Kí wọ́n tún ihò èémí orí áàsù ṣe ní ọjọ́ kan náà, torí bó bá dí, ooru á tari ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ sílì tuntun jáde sórí bíréèkì.