Ìmọníwọ̀n àkọsílẹ̀: ibi tó yẹ kí aṣòfin alátakò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè

Ẹ má pe ìlànà òfin tó ń sọ ìwọ̀n ohun tí ọ́fíìsì lè kọ sílẹ̀ nípa ènìyàn ní "dídín dátà kù" mọ́. Lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá ní Nàìjíríà, dátà ni ohun tí a ń rà sórí fóònù láti fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbọ́ pé òfin ní kí ìjọba dín dátà kù á rò pé wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan èyí tó fi owó rẹ̀ rà. Èyí tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni "dátà mínímáísésọ̀n", tí wọ́n to àmì ohùn lé lórí bí ẹni pé àmì ohùn ló ń sọ ọ̀rọ̀ di Yorùbá. Ìmọníwọ̀n àkọsílẹ̀ ni èmi ń pe ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní data minimisation, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi lò ó, nítorí pé ó gbé ìtumọ̀ tí àwọn méjì yẹn sọ nù.

Òfin kò fìgbà kan sọ pé kí àkọsílẹ̀ ṣáà kéré. Ìlànà kẹta nínú òfin ààbò àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1998, èyí tí òfin ọdún 2018 ti rọ́pò, sọ pé kí ohun tí a kọ nípa ènìyàn tó, kí ó bá iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe mu, kí ó má sì pọ̀ jù. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2023 náà tọ ọ̀nà kan náà. Ilé ìwòsàn tó fẹ́ fún aláìsàn lẹ́jẹ̀, tó kọ orúkọ rẹ̀ tí kò kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti rú òfin, nítorí àkọsílẹ̀ náà kò tó. "Dín" àti "kù" kò lè sọ èyí. "Mọ níwọ̀n" sọ ọ́, nítorí ìwọ̀n ní ìsàlẹ̀, ó sì ní òkè. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: iṣẹ́ ni eku, àkọsílẹ̀ ni ìtẹ́.

Àwọn kan ń bá mi jà pé ìwà ọmọlúàbí ni "ìmọníwọ̀n" ń tọ́ka sí, pé ẹni tó ń mutí tí kì í yó la fi ń júwe, pé kò yẹ ká fi pe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́. Ìdí gan-an tí mo fi mú un nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń mọ níwọ̀n fúnra rẹ̀. Ìwà ọ́fíìsì ni, ẹ ó sì rí i nínú ìtàn tó ń bọ̀ yìí pé ìwà ló ṣubú kí síídì tó sọ nù.

Aránṣọ tó fẹ́ rán fìlà fún ọ, orí rẹ ló máa wọ̀n. Kò ní fi téèpù yí ìbàdí rẹ, kò ní béèrè gígùn ẹsẹ̀ rẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbé ìwé tó kọ ìwọ̀n gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí fún ọmọ iṣẹ́ pé kó mú un lọ síta. Bó bá sì kọ̀ láti wọn orí, tó fojú díwọ̀n, fìlà náà ò ní wọ̀ ọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2007, National Audit Office, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò owó ìjọba ní Britain, fẹ́ mú díẹ̀ lára àwọn tó ń gba owó ìtọ́jú ọmọ láti fi yẹ ìsanwó náà wò. Wọ́n ní kí HMRC, àjọ owó orí tó ń san owó náà, yọ àdírẹ́sì, àkáǹtì báǹkì àti ọ̀rọ̀ nípa òbí kúrò. HMRC kò yọ ọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn máa gba owó lé owó. Odindi ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó dé, wọ́n lò ó, wọ́n dá a padà.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18, síídì méjì kúrò ní ọ́fíìsì HMRC ní Washington, ìlú kan ní àríwá ìlà-oòrùn England, nínú ìfìwéránṣẹ́ ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù TNT ń gbé, láìsí àkọsílẹ̀ ìfiránṣẹ́. Kò dé Lọ́ńdọ́nù. Wọ́n tún ṣe ẹ̀dà mìíràn, èyí dé, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kò jáde mọ́. Ènìyàn mílíọ̀nù 25 ló wà nínú rẹ̀, ìdílé mílíọ̀nù 7.25: orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà National Insurance tí ìjọba fi ń dá ènìyàn mọ̀, àti àkáǹtì báǹkì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìdílé tó lọ́mọ kékeré ló ń gba owó náà nígbà yẹn, torí náà ó kan àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbà á ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù náà. Ọ̀rọ̀ aṣínà wà lórí síídì, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun inú rẹ̀ di àdììtú.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, Alistair Darling, mínísítà ìṣúná, dìde nílé aṣòfin ó sì sọ ọ́. Alága HMRC fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. George Osborne dá a lóhùn fún ẹgbẹ́ alátakò, David Cameron, olórí ẹgbẹ́ náà, kojú Gordon Brown, olórí ìjọba, lọ́jọ́ kejì, Brown sì tọrọ àforíjì. Osborne àti Cameron fi ọ̀rọ̀ náà kan káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba fẹ́ gbé kalẹ̀: ẹni tí kò lè pa síídì méjì mọ́, báwo ló ṣe fẹ́ pa ti gbogbo ìlú mọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì dun ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ba egbò náà ni Edward Leigh, alága ìgbìmọ̀ tó ń tọpa owó ìjọba, ipò tí wọ́n máa ń fún alátakò. Òun ló mú un wá síta pé àwọn aṣàyẹ̀wò ti ní kí wọ́n yọ àkáǹtì báǹkì kúrò, tí HMRC kò sì gbà. Kó tó di ìgbà náà, òṣìṣẹ́ kékeré kan tó tẹ ìlànà lójú ni ìjọba ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó kù láti béèrè ni pé kí ni àkáǹtì báǹkì ń wá nínú síídì náà rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ti pé ní oṣù kẹta, nígbà tí ohunkóhun kò tíì sọ nù. Nígbà tí ìwádìí jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ìlànà àti àṣà iṣẹ́ HMRC ni wọ́n dá lẹ́bi.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Kọ iṣẹ́ náà ní gbólóhùn kan: "Ṣé iye tí a san bá iye ọmọ mu?" Lẹ́yìn náà, gbé òpó kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì àkọsílẹ̀ náà (òpó orúkọ, òpó àdírẹ́sì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), kí o bi ara rẹ léèrè pé apá wo nínú gbólóhùn yẹn ló máa bàjẹ́ bí òpó yìí kò bá sí. Èyí tí kò ní ìdáhùn, yọ ọ́. Kó o tó yọ ohunkóhun mìíràn, kọ́kọ́ yọ òpó tí òṣìṣẹ́ ti ń kọ ohun tó bá wù ú, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn àti ìjà tọkọtaya máa ń fara pamọ́ sí, kò sì sí ẹni tó ń rántí rẹ̀. Ìlà ló kàn, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí 100 bá tó fún àyẹ̀wò, kí aṣàyẹ̀wò mú nọ́ńbà 100, kí ẹni tó ni ìwé sì fa ìwọ̀nyẹn nìkan yọ. Nọ́ńbà tó jẹ́ pé ìtọpa nìkan ló wúlò fún, fi nọ́ńbà míì rọ́pò rẹ̀, kí o fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìwé tó sọ nọ́ńbà tó rọ́pò èwo, sílé.  Kọ ọjọ́ tí wọ́n máa pa ẹ̀dà náà rẹ́ sí ojú rẹ̀ gan-an.

Ibi méjì ló ti máa ń bàjẹ́. Ọ̀kan ni "ó lè wúlò lọ́jọ́ iwájú". Ìkejì ni owó: bí yíyọ òpó kò bá sí nínú àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, owó tuntun ni wọn yóò béèrè lójoojúmọ́, odindi ni ọ́fíìsì yóò sì máa fi ránṣẹ́ nítorí pé òun ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, aṣòfin alátakò tó bá dìde, ì báà jẹ́ ní Westminster tàbí ní Abuja, kó má fi "ta ló sọ ọ́ nù?" bẹ̀rẹ̀. Kó béèrè òpó mélòó ló lọ, èwo ni iṣẹ́ náà nílò, ta ló buwọ́ lù ú pé kí ìyókù bá a lọ, èèló ni yíyọ wọ́n kúrò ì bá ná wọn, àti pé ẹ̀dà mélòó ló wà níta. Kó sì ní kí wọ́n kó ìwé tí àwọn ọ́fíìsì kọ síra wọn wá. Ní ọdún 2007, ìwé tí National Audit Office àti HMRC kọ síra wọn ní oṣù kẹta wà lára ohun tó tú ọ̀rọ̀ náà síta.