Bí ẹja apẹran ṣe ń kọ́ láti jẹ oúnjẹ tí kò lè sá

Nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lábẹ́ igbó ní gúúsù Nàìjíríà, títí lọ dé Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù, ẹja kan wà tí ẹni tó bá fi igbá bù ú pọ̀ mọ́ omi lè dà á nù, kó rò pé ewé gbígbẹ ni. Polycentropsis abbreviata ni àwọn onímọ̀ ń pè é. African leaf fish ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lókè òkun. Ẹja ewé ni a ó máa pè é níbí. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé tó ti pẹ́ nínú omi, ibì kan pọ́n, ibì kan dúdú. Ó máa ń dorí kodò, á jẹ́ kí omi máa gbé òun lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹbẹ tó fi ń wẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, ojú kì í tètè rí i. Ẹja wẹ́wẹ́ tó bá ń kọjá kò ní fura títí ẹnu rẹ̀ á fi yọ gbọọrọ síwájú, tí á fa omi àti ẹran pọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹja yìí kan náà ló ń dé inú táńkì onígíláàsì nílé èèyàn, tí wọ́n á bu fíìdì, ìyẹn oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ṣe fún ẹja, sí i, tí fíìdì á rì lọ sísàlẹ̀ lójú rẹ̀, tí kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹrin, ikùn rẹ̀ ti ń wọlé. Àwọn kan á ní olóríkunkun ni. Kì í ṣe oríkunkun rárá. Fíìdì kì í ṣe oúnjẹ lójú ẹja ewé, gẹ́gẹ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ kì í ti í ṣe oúnjẹ lójú wa. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíkọ́ ẹja yìí láti jẹ fíìdì, torí kò ní máa bá ẹja jà mọ́.

Báwo wá ni ẹja apẹran ṣe ń dá oúnjẹ mọ̀? Ojú ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ó ń wo bí nǹkan ṣe tóbi tó, bóyá ó gùn, bóyá ó ń mì, àti bó ṣe ń mì. Lẹ́yìn ojú, ìlà kan wà tó gba ẹ̀gbẹ́ ara ẹja kọjá láti orí dé ìrù, tó ní irun tín-ín-tìn-ín nínú, tó ń gbọ́ bí omi ṣe ń gbọ̀n nígbà tí nǹkan bá ń rìn nítòsí. Nígbà tí méjèèjì bá gbà pé ẹran ni, ẹnu á là. Àmọ́ ẹnu náà ní ìdájọ́ tirẹ̀: bí ohun tó wọlé bá le, tó gbẹ, tí kò ní adùn ẹran, ẹja á tu ú jáde. Òórùn kò ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe ń ran ẹja àrọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó ń fi irùngbọ̀n wá oúnjẹ nínú omi tó dọ̀tí. Ìdí nìyẹn tí àrọ̀ fi ń tètè gba fíìdì. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti pa ẹyin àrọ̀ rí mọ̀ pé ọmọ àrọ̀ pàápàá kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìyẹ̀fun. Artemia ni wọ́n ń fún un, ẹran omi kéékèèké tí wọ́n pa ẹyin rẹ̀ nínú omi iyọ̀, kí wọ́n tó máa po ìyẹ̀fun mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí artemia á fi kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà kan náà ni ti ẹja ewé. Tirẹ̀ kàn gùn jù ni.

Ní Ṣáínà, ẹja kan tó ń jẹ́ Siniperca chuatsi burú ju èyí lọ. Láti ìgbà tó bá ti kọ́kọ́ la ẹnu láyé, ọmọ ẹja mìíràn ló ń jẹ, ààyè sì ni. Àwọn tó ń sìn ín ní láti máa sin ẹja mìíràn fún un jẹ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣe ni pé wọ́n mú un kúrò lórí ààyè sórí òkú, kí wọ́n tó mú un kúrò lórí òkú sórí fíìdì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń sin ẹja apẹran kan tó ń jẹ́ largemouth bass ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 jọ sínú táńkì kan, kí wọ́n há mọ́ra wọn, wọ́n á máa fún wọn ní edé òkun tàbí ẹja lílọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, wọ́n á sì máa fi fíìdì rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pọ̀ nínú wọn á ti mọ̀ ọ́n jẹ. Wọ́n ń ṣa èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n sọ́tọ̀, torí yálà kó rù tàbí kó máa jẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí àwọn ọmọ àrọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ẹja wa ń pè ní shooter. Ọmọ ẹja ń tètè kọ́ ju àgbà lọ. Ẹja ewé tó wà lọ́jà, inú odò ni wọ́n ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ti ń pa ẹran jẹ tipẹ́ kí wọ́n tó dé táńkì.

Nítorí náà, ẹ má fi ebi bẹ̀rẹ̀. Ó ti rẹ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀rù sì ń bà á. Omi tó gbóná níwọ̀n, nǹkan bíi dígíìrì 26, ewé àti igi tó lè sá pamọ́ sí, iná tí kò mọ́lẹ̀ jù: ìwọ̀nyí ló kọ́kọ́ nílò, kó sì jẹun yó. Ẹ fún un ní ohun tó mọ̀: tanwíjí, edé kéékèèké tó wà láàyè, ekòló tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Inú omi tó mọ́ ni kí ẹ ti bu tanwíjí, kì í ṣe inú gọ́tà, kí ó sì jẹ́ ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù á di ẹ̀fọn nínú yàrá. Ẹ má fi goldfish ṣe oúnjẹ rẹ̀. Yàtọ̀ sí àìsàn tó lè gbé wọlé, èròjà kan wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ thiaminase, tó ń ba fítámì B1 jẹ́; ẹja tó bá ń jẹ ẹ́ fún oṣù púpọ̀ á máa ṣàìsàn láìsí pé ebi ń pa á.

Nígbà tí ẹja bá ti ń jáde wá wo ẹni tó súnmọ́ táńkì, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà: kí oúnjẹ jẹ́ òkú, ṣùgbọ́n kó ṣì máa mì. Edé inú fíríìsà dára fún èyí, dídì sì ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó lè wà lára rẹ̀. Ẹ tú u nínú omi táńkì díẹ̀, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ gé e kó rí gbọọrọ, kó má ju ẹnu ẹja lọ. Ẹ fi ẹ̀mú gígùn mú un létí, ẹ tì í wọ inú omi láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, torí ẹyẹ ló ń ti òkè wá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọwọ́ á máa jù ú kíá kíá. Ẹran tó ń sáré bẹ́ẹ̀ ń lé ẹja ewé sá ni. Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n díẹ̀, kó dúró, kó tún gbọ̀n, kó máa lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹja, kó má máa bọ̀ wá bá a. Ojú ẹja á kọ́kọ́ yí sí i. Lẹbẹ tó mọ́ bíi gíláàsì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jà pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ á máa súnmọ́ ọn bí ẹni pé omi ló ń tì í. Nígbà tó bá dúró níwọ̀n ìka méjì sí edé, ẹ mú ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́. Ẹnu á yọ, edé á sì ti lọ. Ẹ tú ẹ̀mú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fà á mọ́ ọn lẹ́nu, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó tún gbìyànjú. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Láti orí edé dé orí fíìdì ni ibi tí sùúrù ti ń tán. Ẹ lọ fíìdì lúbúlúbú, ẹ gún edé, ẹ pò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú jẹ́látìnì díẹ̀ kó lè di mú, kí ẹ gé e gbọọrọ bí edé àná. Ìdá mẹ́ta edé sí ìdá kan fíìdì ni kí ó kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí ẹja bá ti ń gbà á láìjanpata, ẹ ṣe é ní ọgbọọgba. Lẹ́yìn náà kí fíìdì pọ̀ jù. Ẹja á gbé e sẹ́nu, á tu ú jáde. Ọ̀pọ̀ ń rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìròyìn ayọ̀ ni: ojú ti gbà, ẹnu nìkan ló kù. Ẹnu ni kí ẹ tún oúnjẹ ṣe fún. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ sí i, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n fi tú edé, ẹ má ṣe yí bó ṣe ń mì padà.

Níbí ni ebi díẹ̀ ti wúlò. Àgbà ẹja tó sanra lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láìjẹun kí wọ́n tó na oúnjẹ tuntun sí i. Ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kan. Ẹ máa wo ẹ̀yìn orí rẹ̀: bí ibẹ̀ bá ń jin, tí orí wá dà bí ẹni pé ó tóbi ju ara lọ, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ padà sórí ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò. Ẹja mìíràn tó ti ń jẹ fíìdì, tí ó tóbi tó pé kò lè wọ ẹnu rẹ̀, tí kì í sì í jà, lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ yọ gbogbo ohun tó bá tú jáde kúrò nínú omi lọ́jọ́ náà, torí edé tó bá rà ń di amóníà, amóníà á sì mú kí ẹja tó ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀ kọ oúnjẹ.

Àwọn ẹja ewé kan kì í kọjá edé. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, bí ó bá ṣì ń tu gbogbo fíìdì dànù, ẹ fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn edé, ẹ ki fíìdì lílọ̀ tí wọ́n ti rẹ sómi bọ inú rẹ̀, ẹ pa á dé, kí ẹ mú un sí ẹ̀mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Edé ni ẹja á rí, edé ni ẹnu rẹ̀ á tọ́ wò, fítámì inú fíìdì á sì bá a wọlé.