Jẹ́lé-ó-sinmi tí kì í jẹ́ kílé ó sinmi

Orúkọ tí a sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ti tú àṣírí wa: jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ gbé ọmọ kúrò nílẹ̀, kí ìyá rẹ̀ ráyè dé Gbági, kí etí ará ilé sinmi ariwo. Tó bá dọ̀sán, a ó lọ gbà á lọ́wọ́ àǹtí, ó di ọ̀la. N ò bá ẹnikẹ́ni wí o. Èmi náà ti já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì rí, tí mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ń pè ní ìkópa òbí yàtọ̀ pátápátá. Kì í ṣe owó ilé-ìwé tí a san tàbí PTA tí a jókòó sí. Ètò tó ní ìkópa òbí máa ń fi ohun tí òbí lè bá ọmọ ṣe nílé han òbí, ó sì máa ń gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ wo ti Jàmáíkà. Ní ọdún 1986 sí 1987, ní Kingston, wọ́n mú ọmọ 129 tí àìrí oúnjẹ tó dáa jẹ ti jẹ́ kí wọ́n kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń lọ sílé àwọn kan nínú wọn, wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún 2. Ike òfìfo àti páálí ni wọ́n fi ṣe ohun ìṣeré, òṣìṣẹ́ náà sì ń fi han ìyá bí a ṣe ń bá ọmọ ṣeré, tí a ń bá a sọ̀rọ̀, tí a ń yìn ín bó bá gbìyànjú. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, owó tí àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò báyìí ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ fi nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn ò bẹ̀ wò lọ. Eré lásán, wákàtí kan lọ́sẹ̀!

Ní Amẹ́ríkà, Head Start, ètò ìjọba fún àwọn ọmọ kéékèèké láti ilé tí kò rí já jẹ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, gba ọ̀nà mìíràn kún un: òbí ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ tó ń lọ́wọ́ sí ìpinnu bí ètò náà yóò ṣe máa lọ.

Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá kan tó ń ta tòmátì ní Bódìjà. Ó ní, “Àǹtí, èmi tí n ò gbọ́ òyìnbó, kí ni n ó kọ́ ọ?” Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ṣa èyí tó ti rọ̀ kúrò lára èyí tó ṣì le. Mo ní, “Iṣẹ́ náà nìyẹn, mà.” Ìyàsọ́tọ̀ wà lára ìpìlẹ̀ ìṣirò. Bó bá ń kà á sínú abọ́, ení bí ení, èjì bí èjì, ẹ̀kọ́ ni. Bí ìyá bá pàlọ́ fún un lálẹ́, kó dúró láàárín, kó bi í pé, “Kí lo rò pé Ìjàpá fẹ́ ṣe?” Yorùbá tó dá ṣáká nínú ilé wúlò fún ọmọ ju òyìnbó tí a ń já jẹ lọ.

Àwọn bàbá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ètò yìí máa ń gbàgbé wọn, àléébù sì ni. Ẹni tó ń wa Micra títí di òru kì í bá ọmọ lójúfò tó bá délé. Ìgbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ló lè fi bá a sọ̀rọ̀: orí dà, orúnkún dà, ta ló ni ẹsẹ̀ yìí?

Àwọn ilé-ìwé náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ẹ̀yin pèpàdé sí aago 11 òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ẹ wá ní àwọn oníṣòwò ò bìkítà. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ tajà?

Bí ẹ bá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ fọ́mọ yín, ẹ bi àǹtí ibẹ̀ ní ìbéèrè kan péré: “Kí lẹ fẹ́ kí n bá a ṣe tá a bá délé lónìí?” Bó bá ní kẹ́ ẹ lọ ra ìwé mìíràn, jẹ́lé-ó-sinmi lásán nìyẹn.