Iye tí àyẹ̀wò ADHD ń náni ní Ìlú Ọba: owó tó wà lójú ìwé àti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ADHD lórí Google yóò rí iye owó kó tó rí orúkọ dókítà. £600 níbí, £900 lọ́hùn-ún, £1,400 níbòmíràn. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo owó. Bí iye tí wọ́n ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ lókè òkun ló ṣe rí: ọkọ̀ ò tíì dé Àpápá, kọ́sítọ́ọ̀mù ò tíì sọ tiẹ̀.

ADHD kì í ṣe àìgbọ́ràn, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ti ń jẹ́ láti kékeré. Bí ọpọlọ onítọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ ni: ọkàn kì í dúró sójú kan, ara kì í lélẹ̀, ẹnu tàbí ọwọ́ á ti ṣe é tán kí èrò tó dé. NHS, ètò ìlera ìjọba, ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìlà gùn. NHS England fojú bù ú pé nígbà tí March 2025 fi parí, àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò yìí ní England lè tó 549,000, tọmọdé tàgbà. Ládùúgbò mìíràn, ọdún méjì sí mẹ́ta ni. Níbòmíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọmọ tí olùkọ́ fura sí ní àárín iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ti wọ sẹ́kọ́ńdírì kí wọ́n tó pè é. Ìlà yìí ló ń lé àwọn èèyàn lọ sọ́dọ̀ aládàáni.

Kí wá ni owó àyẹ̀wò náà ń rà? Àkókò ẹni tó mọṣẹ́ ni. NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀, sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti 2018 pé oníṣègùn ọpọlọ, dókítà àwọn ọmọdé, tàbí òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn tó kọ́ṣẹ́ ADHD ló gbọ́dọ̀ ṣe é, àti pé fọ́ọ̀mù nìkan kò tó fi dájọ́. Fọ́ọ̀mù wà lóòótọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní ASRS ní ìbéèrè 18, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa sanwó nítorí rẹ̀. Ìjókòó tó tẹ̀lé fọ́ọ̀mù ló lówó lórí, wákàtí kan sí mẹ́ta, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n máa kọ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú DSM-5, ìwé atọ́nà nípa àìsàn ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, àmì 18 ló wà: mẹ́sàn-án fún àìlèpọkànpọ̀, mẹ́sàn-án fún àìlèjókòó-jẹ́ẹ́ àti ìwàǹwára. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà ó kéré tán nínú ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Ẹni tó ti pé ọdún 17, márùn-ún. Wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti àná. Ó yẹ kí mélòó kan nínú wọn ti máa hàn kí onítọ̀hún tó pé ọdún 12, kó sì hàn ní ju ibì kan lọ, nílé àti níléèwé, tàbí nílé àti níbi iṣẹ́. Dókítà tún ní láti wò ó bóyá àìróorunsùn, àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìsàn ara ló ń ṣe bí ADHD.

Ọ̀rọ̀ ìgbà èwe yìí gan-an ló máa ń dí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Nàìjíríà lọ́wọ́, tó wá ń gbé London tàbí Manchester báyìí. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí sí bó ṣe rí nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ? Ìyá tó wà ní Ìbàdàn lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àmọ́ bí wọ́n bá bá a ní òjijì, ó lè rò pé wọ́n fẹ́ pe ọmọ òun ní wèrè, kó sì yára dáhùn pé, “Rárá o, nǹkan kan ò ṣe ọmọ mi.” Kí wọ́n ti ṣàlàyé fún un ṣáájú ló dára. Rípọ́ọ̀tù káàdì, bó bá ṣì wà nínú àpótí níbì kan, lè sọ ju ẹnu lọ: “playful” tí tíṣà kọ síbẹ̀ ní táàmù dé táàmù, tó sì fa lílù nígbà yẹn, ẹ̀rí ni lójú oníṣègùn. Ẹni tí kò ní ẹlẹ́rìí tí kò sì ní káàdì ṣì lè ṣe àyẹ̀wò. Ìbéèrè tirẹ̀ ló kàn máa pọ̀ sí i.

Pé ibì kan wọ́n kò ní kó dára, pé ibì kan yá kò sì ní kó burú, àmọ́ ó yẹ kí èèyàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní May 2023. Akọ̀ròyìn Panorama, ètò ìwádìí orí tẹlifíṣọ̀n ti BBC, ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni mẹ́ta lórí fídíò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ó ní ADHD. Oníṣègùn ọpọlọ NHS kan wá jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta, ó ní kò ní in. Ètò yẹn bí ọ̀pọ̀ nínú, pàápàá àwọn tó ní in lóòótọ́ tí àwọn èèyàn wá ń fura sí ìwé wọn. Síbẹ̀, kò yani lẹ́nu bí GP, dókítà àdúgbò tí èèyàn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, bá ń wo ìwé aládàáni lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á.

Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò náà tún ń mú kí owó yàtọ̀. Oníṣègùn ọpọlọ àgbà ló sábà ń wọ́n jù. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ADHD máa ń dín sí i. Ti ọmọdé sì sábà máa ń ju ti àgbàlagbà lọ, nítorí wọ́n á gbọ́ ti òbí, wọ́n á tún gbọ́ ti iléèwé. Kòtò tó wà lójú ọ̀nà ni ti sàìkọ́lọ́jíìsì, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá. Ó lè ṣe àyẹ̀wò náà dáadáa, kó kọ ìwé tó kúnná, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni ní Ìlú Ọba. Ẹni tó bá fẹ́ oògùn á tún lọ sanwó fún ẹlòmíràn tó lè kọ ọ́, ẹni náà sì lè ní òun fẹ́ tún àyẹ̀wò ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Kí èèyàn béèrè èyí kó tó fi káàdì sanwó. Kó tún wo orúkọ ẹni náà nínú àkọsílẹ̀ GMC bó bá jẹ́ dókítà, NMC bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, HCPC bó bá jẹ́ sàìkọ́lọ́jíìsì. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò jáde, ó ní ADHD ni. Ẹni tí kò fẹ́ oògùn lè dúró síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ ló kù tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń dúró dè.

Wọn kì í kàn kó oògùn léni lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn ṣe ń lù àti ìwọ̀n ara, wọ́n á sì béèrè bóyá àìsàn ọkàn wà nínú ìdílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ oògùn, bíi methylphenidate tàbí lisdexamfetamine, láti orí díẹ̀, tí wọ́n á máa fi kún un títí wọ́n á fi rí ìwọ̀n tó ṣiṣẹ́ tí kò sì ni ara lára. Titration ni wọ́n ń pè é, ó sì sábà máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Òfin ń ṣọ́ àwọn oògùn méjèèjì yìí gan-an: ìwé tí dókítà fi kọ wọ́n kì í ṣeé lò ju ọjọ́ 28 lọ, dókítà kì í sì í sábà kọ ju ti 30 ọjọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí owó fi ń jáde lóṣooṣù, ti ìwé lọ́tọ̀, ti oògùn ní kẹ́míìsì lọ́tọ̀, ti ìpàdé pẹ̀lú dókítà lọ́tọ̀. Nígbà tí oògùn ADHD wọ́n gógó ní Ìlú Ọba láti September 2023, àwọn kan há sí àárín titration, wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò lè padà sẹ́yìn.

Ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú iye tí kò pọ̀ jù tí kò kéré jù. Àyẹ̀wò £900. Ìpàdé mẹ́ta nígbà titration, £150 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, £450. Oògùn oṣù mẹ́ta, £90 lóṣù, £270. Ìyẹn ti di £1,620, wọn kò sì tíì ka owó ìwé oògùn mọ́ ọn. Ẹni tó rò pé £900 lòun fẹ́ ná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná ìlọ́po méjì. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìnṣọ́ránsì ìlera láì kà á dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sanwó ADHD.

Lẹ́yìn titration ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ètò yìí, èyí tí ìpolówó kì í sábà gbé síwájú: shared care. Àdéhùn ni, láàárín dókítà aládàáni àti GP. GP á máa kọ oògùn náà lórí NHS, dókítà aládàáni á máa yẹ èèyàn wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, owó ìyẹn ṣì wà lọ́rùn aláìsàn. Ní England, ìwé oògùn NHS kan jẹ́ £9.90 ní 2025, ìyẹn £118.80 fún oṣù méjìlá. Ẹni tó bá ra ìwé àsansílẹ̀ ọlọ́dún kan á san £114.50 fún gbogbo oògùn yòówù tó bá ń lò. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, ọ̀fẹ́ ni.

Àmọ́ kò sí òfin tó fi dandan mú GP láti gba shared care, ọ̀pọ̀ ló sì ń kọ̀ ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ̀ á máa ra oògùn lọ́wọ́ ara rẹ̀: £90 fún oògùn, £30 fún ìwé, lóṣooṣù, ìyẹn £1,440 lọ́dún, láì ka ìpàdé. Owó oṣù ẹlòmíràn kò gbé e rárá, ó sì di dandan kó fi oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ GP ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ aládàáni: “Bí ilé ìwòsàn báyìí bá ṣe àyẹ̀wò mi, ṣé ẹ ó gba shared care wọn?” Kí ìdáhùn wà lórí ìwé tàbí ímeèlì, kó dárúkọ ilé ìwòsàn náà.

Lójú kan náà, kó béèrè Right to Choose. Ní England nìkan ló wà. GP lè fi èèyàn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní àdéhùn pẹ̀lú NHS, NHS á san owó àyẹ̀wò, á sì san ti titration níbi tí ilé-iṣẹ́ náà bá ń ṣe é. Ìlà wà níbẹ̀ náà, ó sì ti gùn sí i. Ní 2025 àwọn àdúgbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye tí wọ́n máa sanwó fún kù. Síbẹ̀ ó sábà máa ń yá ju ìlà àdúgbò lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà lórí físà máa ń rò pé ti onílùú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń san £776 lọ́dún fún owó ìlera físà láti February 2024, òṣìṣẹ́ ń san £1,035. Àwọn tó wà lórí físà Health and Care kì í san án rárá. Gbogbo wọn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí NHS, bí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP ní England, wọ́n lè béèrè.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe fẹ́ san owó àyẹ̀wò, kí ọ̀gá lè fún wọn láyè. Ìyẹn kò pọn dandan. Lábẹ́ òfin ìdọ́gba ẹ̀tọ́, Equality Act 2010, bí ìṣòro náà ṣe ń dí èèyàn lọ́wọ́ ni òfin ń wò, Access to Work, ètò ìjọba tó ń ran ẹni tó ní àìlera lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, kì í sì í fi dandan béèrè ìwé àyẹ̀wò. Ti yunifásítì yàtọ̀: DSA, owó ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àìlera, ń béèrè ẹ̀rí, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun lórí físà kì í sì í rí i gbà.

Ẹni tó ti sanwó tán kí GP tó kọ̀ ṣì lè ṣí lọ sọ́dọ̀ GP mìíràn tó ń gba shared care. Ó tún lè ní kí wọ́n fi òun ránṣẹ́ nípasẹ̀ Right to Choose pẹ̀lú ìwé tó ti ní lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan á gba ìwé náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn. Àwọn mìíràn á ní àfi kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò fúnra àwọn. Bí orúkọ rẹ̀ bá sì wà lórí ìlà NHS tẹ́lẹ̀, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lílọ sọ́dọ̀ aládàáni kò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.