Iná ọ́ìlì tó ń ṣẹ́jú: ti ẹ́ńjìnnì ni àbí ti wáyà?

Ìbéèrè: Camry 1998 ni mò ń lò, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Láàárọ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road lọ́sàn-án, iná pupa tó ní àwòrán bùtá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí mo bá tẹ tọ́tù díẹ̀, á kú. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ bá réwáyà. Réwáyà ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Gate, n'Ìbàdàn níbí. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba ẹnì kankan gbọ́ nínú wọn, torí kò sí èyí tó wọn nǹkan kan. Ojú ni wọ́n fi wò ó. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ló wúlò jù: ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tó sì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ni iná ń ṣẹ́jú, tí ẹ bá tẹ tọ́tù, á kú. Wáyà tó bó kì í sábà mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Èmi ń fura sí prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ìfura náà kò tíì tó ohun tí èèyàn fi ń ra ẹ́ńjìnnì.

Ìbéèrè: Kí ni iná yẹn ń wò gan-an? Ṣé bí ọ́ìlì ṣe kù ni?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Agbára tí ọ́ìlì fi ń rìn, ìyẹn prẹ́ṣọ̀, ló ń wò. Ọ́ìlì wà nílẹ̀ nínú sọ́ńpù, àwo tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Pọ́ńpù ń fà á gba inú asẹ́ kan, ó ń tì í kọjá fílítà, ó wá ń rán an lọ sí ìdí béríìnì, irin tí kíránkì (ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) ń yí lé lórí. Síwíìṣì kékeré kan wà lójú ọ̀nà, ó sábà máa ń wà nítòsí fílítà, wáyà kan ṣoṣo ló sì wọ inú rẹ̀. Tí prẹ́ṣọ̀ bá ti wálẹ̀, síwíìṣì á fi wáyà yẹn kan ara ẹ́ńjìnnì, iná á tàn. Tí prẹ́ṣọ̀ bá tì í, á já a sílẹ̀, iná á kú.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ nọ́ńbà. Síwíìṣì yìí kò bèèrè ju nǹkan bíi 4 sí 7 PSI (òṣùwọ̀n prẹ́ṣọ̀) lọ kó tó pa iná. Ìwé iṣẹ́ Toyota fún irú ẹ́ńjìnnì yín sì ní kó má dín ní 4.3 PSI tó bá gbóná tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó sì wà láàárín 36 sí 71 tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ débi tó ti ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wò ó dáadáa: ọkọ̀ lè wà lórí eré ní 3000, kí prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12 péré, kí béríìnì máa jẹra wọn, kí dáṣíbọ́ọ̀dù má sọ ohunkóhun. Nítorí náà, bí iná ṣe ń kú tí ẹ bá tẹ tọ́tù yẹn, kò fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà tó bá gbóná nìkan?

Ìdáhùn: Epo pupa máa ń dì lásìkò ọyẹ́, gbé e ka iná, á ṣàn bí omi. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn, bó ti wù kó rí. Láàárọ̀ ó ki, ó ń rọra gba àlàfo béríìnì kọjá. Tó bá gbóná, á fúyẹ́, á máa sá gba ibi gbogbo tó bá ti jẹ jáde. Pọ́ńpù sì rèé, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ́ra, òun náà á lọ́ra. Ó dà bíi páìpù omi tó ti jò lójú mẹ́wàá: táǹkì kún, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé garawa dúró ní ìparí ilà ń wo ẹ̀kán-ẹ̀kán.

Ìbéèrè: Kí ni mo lè yẹ̀ wò fúnra mi kí n tó náwó?

Ìdáhùn: Gééjì ọ́ìlì, irin gbọọrọ tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kù, ni ká ti bẹ̀rẹ̀, lónìí, kí ẹ tó jáde. Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa gééjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ máa kà. Nǹkan bíi lítà kan ló wà láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti tòkè; ẹ́ńjìnnì yín kò sì gbà ju bíi lítà 3.6 lọ pẹ̀lú fílítà, nítorí náà lítà kan tó dín kì í ṣe kékeré. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń ya kọ́nà tàbí tí ẹ bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì ni iná ń ṣẹ́jú, ọ́ìlì tó dín ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, pẹtiróòlù ti lú u, ó ti fúyẹ́. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ ọ́, ìyẹn sì tóbi ju ọ̀rọ̀ tiwa yìí lọ.

Ó kan wáyà. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì: iná gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ fa wáyà kúrò lórí síwíìṣì: iná gbọ́dọ̀ kú. Tí kò bá kú, wáyà ti bó síbì kan, ó ń kan ara ọkọ̀. Ẹ pe réwáyà, kó wá jẹun. Tí ẹ bá rí ọ́ìlì nínú ẹnu ibi tí wáyà ti wọlé, síwíìṣì ti jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an, èyí tí àwọn méjèèjì sá fún. Kí mẹkáníìkì tú síwíìṣì, kó fi gééjì prẹ́ṣọ̀ sí ojú ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná débi pé fáànù rédíétọ̀ á tàn, á kú, lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn lẹ máa ka nọ́ńbà: ti jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àti ti 3000. Tí méjèèjì bá dára, síwíìṣì ló ń purọ́. Tí ti jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bá lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ti 3000 dára, ọ́ìlì yín ti fúyẹ́ jù tàbí béríìnì ti ń jẹ. Tí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, ẹ sọ sọ́ńpù kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nípa sọ́ńpù. Ọkọ̀ tí mo lò ṣáájú èyí, síwíìṣì mẹ́ta ni mo rà sí i láàárín oṣù méjì. Ẹnìkan tó ní gééjì ló bá mi wọ̀n ọ́n níkẹyìn: 3 ló kà. A sọ sọ́ńpù kalẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ti fi gọ́ọ̀mù pupa lẹ etí rẹ̀ bí ẹni ń ta bọ́tà sí búrẹ́dì. Èyí tó ṣẹ́kù ti fún sínú, ó já, ó sì lọ wé mọ́ ẹnu asẹ́. À ń fà á jáde bí ìfun adìẹ. A fọ asẹ́, a dá gbogbo rẹ̀ padà, gééjì kà 14 lórí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Síwíìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, wọ́n dára.

Ti ọkọ̀ yín tún ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2002, ní Amẹ́ríkà, Toyota kéde pé òun máa dúró ti àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí ọ́ìlì dì nínú wọn bí ọ̀dà, nínú ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 3.3 tó jáde láàárín 1997 sí 2002. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.2 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, irú tiyín, wà nínú wọn. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí ẹ ti ń da ọ́ìlì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Tí ohun dúdú bá lẹ̀ mọ́ ara irin bí èédú ìdí ìkòkò, ó ṣeé ṣe kí asẹ́ ìsàlẹ̀ náà ti dí.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n da 20W-50, ọ́ìlì tó ki, sí i, tàbí kí n ra ìgò oògùn ọ́ìlì tó ń jẹ́ kó ki.

Ìdáhùn: Iná lè kú lóòótọ́. Tí béríìnì bá ti jẹ díẹ̀, tí ẹ sì ti fi gééjì rí i, ọ́ìlì tó ki lè bá yín ra àkókò, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ asẹ́ ló dí, ọ́ìlì tó ki á túbọ̀ nira fún pọ́ńpù láti fà. Ẹ wọ̀n ọ́n ná.

Ìbéèrè: Iná ọ́ìlì ọkọ̀ àbúrò mi kì í tàn rárá, bó bá tilẹ̀ tan kọ́kọ́rọ́. Tiẹ̀ dára nìyẹn?

Ìdáhùn: Tirẹ̀ burú ju tiyín lọ. Wáyà ti já, gílóòbù ti jó, tàbí ẹni tó tà á fún un ti yọ ọ́ kúrò kó lè rí i tà. Kó tún un ṣe kó tó tún rìn jìnnà.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa wà á lọ síbi iṣẹ́ títí dé òpin ọ̀sẹ̀?

Ìdáhùn: Bí ọ́ìlì bá dín, tí ẹ fi kún un, tí iná sì dákẹ́ pátápátá, ẹ lè wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹ wá ibi tó ń bá lọ. Tí ọ́ìlì bá pé tó sì ń ṣẹ́jú síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró sílé, ẹ wọ dáńfó. Tó bá tàn gbirin lójú títì tí kò kú mọ́, tàbí tí ẹ gbọ́ tí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń lu ko-ko-ko, ẹ pa á níbẹ̀ gan-an, kí wọ́n wọ́ ọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti fi jó béríìnì, ìgbà yẹn ni Gate á wá di dandan.

Ẹ lọ wá ẹni tó ní gééjì prẹ́ṣọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì, ti jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ àti ti 3000, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.