Kòbáì tó ní ọmú lè jẹ́ akọ

"Abo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò rí ọmú ni?" Bí ẹni tó ta kòbáì, ẹran ọ̀sìn kékeré tí wọ́n ń pè ní "guinea pig" lédè Gẹ̀ẹ́sì, fún mi l'ọ́jà Ouando, níbí l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ṣe sọ nìyẹn. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó fi orí ọmú méjì hàn mí nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Mo gbà á gbọ́, mo kó wọn sínú àgò kan ṣoṣo. Akọ wà nínú wọn.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà gbọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n akọ kòbáì ní ọmú méjì, abo ní méjì, ibì kan náà sì ni wọ́n wà. Akọ tún lè fa ẹpọ̀n rẹ̀ wọnú ikùn, kí ibẹ̀ tẹ́jú bíi ti abo.

Ibi ìtọ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ jókòó, ẹ gbé e lé itan, kí ẹ fi ọwọ́ kan gbá ìdí rẹ̀ mú dáadáa. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ibi ìtọ̀ náà jẹ́jẹ́, níhà ikùn. Tó bá jẹ́ akọ, okó rẹ̀ á yọ síta. Tó bá jẹ́ abo, nǹkan kan ò ní yọ. Ẹ ó rí ìlà tó pín bíi lẹ́tà Y.

Ẹ tètè wò ó o, torí abo tí kò ju ọ̀sẹ̀ 4 sí 5 lọ lè lóyún. Ọ̀sẹ̀ 3 ló yẹ ká ti ya ọmọ akọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá pàápàá lè tún gba akọ láàárín wákàtí díẹ̀ tó bímọ, kó máa gbé oyún mìíràn fún ọjọ́ 59 sí 72 bó ti ń fọ́mọ lọ́mú.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ọmọ kòbáì máa ń tóbi nínú oyún, ó ti lajú, ó ti nírun kó tó wáyé, nítorí náà egungun ìbàdí ìyá gbọ́dọ̀ là díẹ̀ kó tó lè kọjá. Abo tí kò bá bímọ rí títí tó fi kọjá nǹkan bí oṣù 7, egungun yẹn lè ti so pọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tí mo rà rọbí láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ há sí i, ìyá náà sì kú.

Mo padà sọ́jà. Mo bẹ ẹni yẹn kó gbé ọ̀kan nínú "abo" rẹ̀ fún mi, mo tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, okó yọ. Ó wò ó títí, ló bá pe ọmọ rẹ̀ pé kó kó gbogbo àgò tó kù wá.